Chicago Theatre: Ààfin Sinimá Tí Òfin Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wó

Ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì sí Chicago Theatre gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun méjì ni òun ń fi owó kan rà: eré tí wọ́n polówó, àti ilé tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Nínú méjèèjì, ilé náà ni kì í já ènìyàn kulẹ̀. Eré lè dùn, ó sì lè má dùn. Olórin lè pẹ́ kó tó jáde, àwàdà sì lè há sí aláwàdà lọ́fun. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1921 yìí ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, ìyẹn ni láti mú kí ẹni tó wọlé gbé orí sókè kó sì gbàgbé ohun tó ń lọ́ ọ lọ́kàn. Mo fẹ́ sọ bí ilé náà ṣe rí, ibi tó yẹ kí ènìyàn jókòó sí, àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí àwọn tó máa ń yin ilé náà kì í sábà sọ: òfin tó dáàbò bò ó ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ló jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí lónìí.

Nọ́ńbà 175 ní North State Street ni ilé náà wà, ní àárín gbùngbùn ìlú Chicago tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Loop. Ọkọ̀ ojú irin Red Line máa ń dúró ní ibùdókọ̀ Lake tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ kò sì jìnnà rárá sí ẹnu ọ̀nà tíátà náà. Ẹni tó bá gbọ́ ìmọ̀ràn mi yóò fi mọ́tò sílé, nítorí owó ibi ìgbọ́kọ̀sí ní agbègbè yẹn kì í ṣe kékeré, pàápàá ní alẹ́ tí àwọn tíátà mìíràn ní Randolph Street náà bá ń ṣeré.

Iwájú ilé náà ga tó ilé alájà mẹ́fà. Wọ́n ṣe é ní àwòrán ẹnu ọ̀nà ìṣẹ́gun, irú èyí tó wà ní Paris tí wọ́n ń pè ní Arc de Triomphe, amọ̀ sísun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán ni wọ́n sì fi bo gbogbo ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Northwestern Terra Cotta Company ti ìlú Chicago kan náà ló ṣe amọ̀ náà. Fèrèsé ńlá kan wà nínú ẹnu ọ̀nà ìṣẹ́gun yìí, gíláàsì aláràbarà tó rí roboto sì wà láàárín rẹ̀, tó gbé àmì ìdánimọ̀ àwọn tó kọ́ ilé náà: ẹṣin méjì tí wọ́n gé ọ̀já fíìmù mọ́ ẹnu. Mo fẹ́ràn àmì yìí gan-an, nítorí ó jọ pé àwọn onísinimá náà mọ̀ pé àwọn kì í ṣe ọmọ ọba, wọ́n sì fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yá àmì oyè àwọn ìjòyè ilẹ̀ Yúróòpù lò.

Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ni pátákó iná tó dúró lóòró níwájú rẹ̀, tí wọ́n to àwọn lẹ́tà orúkọ ìlú náà lé ara wọn lórí, tí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ilé náà fúnra rẹ̀. Lára pátákó tó nà gbalaja sókè ẹnu ọ̀nà, àmì kan wà lẹ́yìn orúkọ Chicago tó dà bíi lẹ́tà Y. Àmì ìlú ni, ó sì dúró fún ibi tí odò Chicago ti yà sí ọ̀nà méjì. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ya fọ́tò rẹ̀ tí wọn kò kíyè sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé pátákó tí òun ń wò yìí gan-an ni wọ́n tàn ní 1921. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èyí tó wáyé ní 1994 sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i dájú pé tuntun jọ ti àtijọ́. Èmi kò rí àléébù nínú ìyẹn. Irin tó wà níta nínú òjò àti yìnyín Chicago kò lè wà títí láé, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ kí ìpẹ́pẹ́ irin máa já lu àwọn tó ń kọjá lójú títì nítorí ìfẹ́ ohun àtijọ́.

Gbọ̀ngàn àbáwọlé ga ní àjà márùn-ún. Ilé ìsìn ọba tó wà ní Versailles ni wọ́n wò kọ́ ọ, ilé opera ti Paris ni wọ́n sì wò ṣe àtẹ̀gùn ńlá rẹ̀, èyí tó gbé ènìyàn lọ sí àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí gbọ̀ngàn náà po ní àjà kan sí òmíràn. Fìtílà kírísítálì wà níbẹ̀, wúrà lílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn òpó ràgàjì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ rẹpẹtẹ yóò sọ pé ó ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó kọ́ ọ ṣe fẹ́ kó rí.

Àwọn tó kọ́ ọ náà yẹ ní ẹni à ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, nítorí láìmọ èrò wọn, ilé náà yóò kàn dà bí afẹfẹyẹ̀yẹ̀ lójú ẹni. Barney Balaban àti àbúrò rẹ̀ A. J. Balaban jẹ́ ọmọ àwọn aṣíkiri ní Chicago. Wọ́n para pọ̀ pẹ̀lú Sam Katz, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Balaban and Katz sílẹ̀. Barney ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi òtútù tọ́jú oúnjẹ kó má bàa bàjẹ́, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé ohun tó ń mú ẹran tutù lè mú ènìyàn tutù. Ní 1917 wọ́n ṣí Central Park Theatre ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé sinimá máa ń ti ilẹ̀kùn nínú ooru nítorí pé kò sí ẹni tó lè jókòó sínú wọn. Láti ìgbà náà, àwọn kan ń ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí atẹ́gùn tútù ju nítorí fíìmù lọ. Nígbà tó fi máa di 1921, wọ́n ti ní owó àti ìgboyà láti ná mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là sórí Chicago Theatre. Àwọn ayàwòrán ilé méjì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Cornelius àti George Rapp, ló ya ilé náà, wọ́n sì fi ìjókòó 3,880 sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i, èrò pọ̀ débi pé àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ló ń to àwọn ènìyàn.

Òwò tí wọ́n ń ṣe rọrùn láti lóye. Fíìmù kan náà lè wà ní ilé sinimá mẹ́wàá. Ohun tí ènìyàn kò lè rí níbòmíràn ni ilé, ìtọ́jú, àti òṣìṣẹ́ aláṣọ iṣẹ́ tó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kó tó fi ìjókòó rẹ̀ hàn án. Akọ̀wé ilé ìtajà àti olówó ńlá ń gba àtẹ̀gùn kan náà gòkè. Ẹgbẹ́ olórin tó tó àádọ́ta ènìyàn ń lu ohun èlò, Jesse Crawford ń tẹ dùùrù, eré orí ìtàgé ń lọ, lẹ́yìn náà ni fíìmù yóò wá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

Gbọ̀ngàn eré gan-an ga ní àjà méje, fífẹ̀ rẹ̀ sì ju ìdajì àyè tó wà láàárín òpópónà kan sí èkejì lọ. Àwòrán ńlá mẹ́rìnlá tí Louis Grell yà ló wà ní àyíká ojú ìtàgé àti lókè. Ibi tí mo ti fẹ́ ṣe àlàyé díẹ̀ nìyí fún ẹni tó bá gbà pé ohun tí òun ń rí jẹ́ ti ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà gẹ́lẹ́. Wọ́n tún ilé náà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní 1933, nígbà tí Chicago ń gbàlejò àgbáyé fún àfihàn ńlá ọdún yẹn, àwòrán Grell sì bá àtúnṣe náà wá. Ní àwọn ọdún 1950 wọ́n tún sọ pé àwọn ń sọ ọ́ di ti ìgbàlódé, wọ́n bo púpọ̀ nínú ọ̀ṣọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì pa eré orí ìtàgé tì. Nígbà tí àtúnṣe ńlá dé ní 1986, ìrísí àwọn ọdún 1930 ni wọ́n dá a padà sí, wọ́n sì dín ìjókòó kù sí nǹkan bí 3,600. Lójú tèmi, ìpinnu tó dára ni, nítorí ọwọ́ ló kó àwòrán yẹn wá, kì í ṣe owó nìkan.

Ìmọ̀ràn lórí ìjókòó wá kù. Ẹni tó bá ra ibi tó wà lẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀ yóò rí ìtàgé, ṣùgbọ́n bálíkónì yóò bo òkè mọ́ ọn lójú. Kò ní rí àjà gbọ̀ngàn náà, kò ní rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán, ó sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn mìíràn tó kéré. Ìlà iwájú bálíkónì ló dára jù lọ sí mi. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí ìtàgé láìsí orí ẹnikẹ́ni níwájú, tí yóò sì tún rí gbogbo òkè, ọ̀tún àti òsì. Bí ènìyàn bá sì ṣe ń gòkè sí ìlà ẹ̀yìn ní bálíkónì, owó ń dínkù, àtẹ̀gùn ń ga, olórin sì ń kéré sí i. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí ẹni tí ibi gíga máa ń dẹ́rù bà, kó má ṣe tìtorí dọ́là díẹ̀ gun ibẹ̀. Ẹni tó ga kó mọ̀ pé a kì í retí àyè ẹsẹ̀ tó fẹ̀ nínú ilé tí wọ́n yà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bó bá lè rí ìjókòó tó wà létí ọ̀nà, kó mú un.

Ọ̀rọ̀ ohùn náà tún ṣe pàtàkì. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn yìí kí ẹgbẹ́ olórin àti dùùrù lè dún dé ẹ̀yìn láìsí ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Nítorí ìdí yìí, aláwàdà kan pẹ̀lú makirofóònù, olórin tó jókòó ti gìtá rẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin, tàbí ìjíròrò lórí ìtàgé bá ilé náà mu ju orin tó ń mi àyà lọ. Bí ariwo bá ti pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn gíga tó ní ìgun àti ihò ọ̀ṣọ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ orin á máa wọnú ara wọn. Tíátà náà kọ́ ló jẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tó yan irú eré bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ ló yẹ kó rò ó. Bí olórin tí ènìyàn fẹ́ gbọ́ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń jó sí lórí ìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn gbọ̀ngàn mìíràn wà ní Chicago tí kò ní àga rárá, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Dùùrù ńlá Wurlitzer tó ní kíbọ́ọ̀dù mẹ́rin, tí fèrè rẹ̀ wà nínú ògiri, ṣì wà níbẹ̀, ó sì ṣì ń dún. Ó wà lára àwọn dùùrù Wurlitzer àtijọ́ tó ṣì wà nínú ilé tí wọ́n ṣe wọ́n fún, nígbà tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti di èyí tí wọ́n tú palẹ̀ tà. Àbùkù ibẹ̀ ni pé eré tó pọ̀ jù lọ ní tíátà náà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ènìyàn lè jókòó níbẹ̀ fún wákàtí méjì láìmọ̀ pé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wà ní tòsí òun. Ẹni tó bá rí ìpolówó èyíkéyìí tó ní wọn yóò tẹ dùùrù náà, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kíákíá.

Mo wá dé ọ̀rọ̀ òfin. Ní 1979 ni wọ́n kọ orúkọ Chicago Theatre sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn ibi ìtàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àkọsílẹ̀ yìí ló gba ilé náà là. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iyì ni àkọsílẹ̀ yẹn, ó sì lè ṣí ọ̀nà fún ìdínkù owó-orí fún ẹni tó bá tún ilé ṣe, ṣùgbọ́n kò dí onílé lọ́wọ́ láti fi owó ara rẹ̀ wó ilé rẹ̀. Ààbò tó ní eyín ni ti òfin ìlú Chicago, tí wọ́n fún ilé náà ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1983. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wó o tàbí yí ìrísí rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú tó ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè kọ̀ fún un.

Òfin ìlú náà kò ṣàdédé wáyé. Garrick Theater, ilé tí Dankmar Adler àti Louis Sullivan yà, tí ohùn inú rẹ̀ lókìkí, wà ní Randolph Street títí di 1961. Richard Nickel tó jẹ́ ayafọ́tò kó àwọn ènìyàn jọ láti fi ẹ̀hónú hàn, ẹjọ́ dé kóòtù, ṣùgbọ́n wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn ará ìlú, ó sì wà lára ohun tó fa òfin ààbò ilé àtijọ́ tí Chicago ṣe ní 1968. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń gbádùn ara rẹ̀ ní State Street lónìí, kó mọ̀ pé ilé mìíràn ló san gbèsè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ènìyàn ti kó lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú, tẹlifíṣọ̀n ti wà nílé wọn, àárín ìlú sì ti ń dá páropáro lálẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, ó lé ní ọdún méjì àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí ìlú ti fún ilé náà ní ààbò, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ààbò wà lórí rẹ̀, ó sì ṣófo. Ohun tó gbà á là ni pé àwọn olùdókòwò kan kó owó jọ, ìlú sì ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ra tíátà náà pọ̀ mọ́ ilé Page Brothers tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé kejì yìí náà yẹ ní wíwò: 1872 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún kan lẹ́yìn iná ńlá tó jó Chicago, iwájú rẹ̀ ní ojú Lake Street sì jẹ́ irin dídà, èyí tó ti di ọ̀wọ́n ní ìlú náà. Wọ́n tún méjèèjì ṣe papọ̀, kí owó yàrá iṣẹ́ nínú ọ̀kan lè ran tíátà lọ́wọ́ nínú èkejì. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, Frank Sinatra kọrin níbẹ̀, ilẹ̀kùn sì tún ṣí. Ilé-iṣẹ́ Madison Square Garden ti New York ló wá rà á lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá ṣiyèméjì lórí ohun tí mo ń sọ kó wo Uptown Theatre ní ìhà àríwá ìlú kan náà. Balaban and Katz ló kọ́ ọ, Rapp and Rapp ló yà á, 1925 ni wọ́n ṣí i, ó sì tóbi ju ti State Street lọ. Òfin ìlú dáàbò bo òun náà láti 1991. Síbẹ̀, láti òpin ọdún 1981 ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní títì. Bàbá kan náà ló bí wọn, òfin kan náà ló bò wọ́n. Èyí tó wà láàárín ìlú rí èrò àti owó, èkejì kò rí i. Ìdí nìyí tí n kì í fi bá àwọn tó ń ṣàríwísí orin ìgbàlódé tàbí ọtí títà nínú Chicago Theatre kùn. Òwò yẹn ló ń san owó ẹni tó ń tún òrùlé ṣe.

Owó ni ibi tí mo ti ní ẹjọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ kí akọ̀wé ilé ìtajà lè jókòó bí ọba ti di ibi tí ìdílé onípò ìwọ̀nba gbọ́dọ̀ ronú dáadáa kí wọ́n tó lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ láti eré sí eré, ṣùgbọ́n owó tí ènìyàn kọ́kọ́ rí kì í ṣe èyí tó máa san: owó iṣẹ́ àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò wọlé, owó-orí ìgbádùn ti ìlú Chicago náà yóò sì wọlé, èyí tó di 9 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2018 fún eré orí ìtàgé nínú gbọ̀ngàn tó gba ju 1,500 ènìyàn lọ. Nítorí náà, kí ènìyàn wo iye tó kẹ́yìn kó tó yọ káàdì rẹ̀ jáde. Kò sí òfin ààbò kankan tó sọ pé owó ìwọlé náà gbọ́dọ̀ jọ ti àtijọ́.

Ọ̀nà kan wà tí owó rẹ̀ sábà máa ń dínkù, òun sì ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú sí jù. Tíátà náà ń mú àwọn àlejò yí ká inú rẹ̀ ní ọ̀sán, fún nǹkan bíi wákàtí kan, tìkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti eré. Afinimọ̀nà yóò mú wọn gba gbọ̀ngàn àbáwọlé, yóò sọ ìtàn ilé náà, yóò jẹ́ kí wọ́n dúró lórí ìtàgé kí wọ́n sì wo gbogbo ìjókòó náà láti ibi tí olórin ti ń wò wọ́n, yóò sì mú wọn lọ sẹ́yìn ìtàgé níbi tí àwọn òṣèré ti fọwọ́ sí ara ògiri. Ògiri yìí wù mí ju fìtílà kírísítálì lọ. Òun nìkan ni ọ̀ṣọ́ tó ṣì ń pọ̀ sí i nínú ilé náà. Kí ènìyàn kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti àkókò tí ìrìn náà ń wáyé, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ń pèsè eré ńlá lè yí i padà. Ẹni tó bá wá sí Chicago fún ọjọ́ díẹ̀, tí kò sì sí eré tó wù ú gan-an nínú èyí tí wọ́n polówó, kó gba ìrìn ọ̀sán yìí, kó fi owó tó kù jẹun. Ẹni tó bá sì ń gbé ìlú náà kó ní sùúrù títí aláwàdà tàbí akọrin tí ohùn rẹ̀ bá gbọ̀ngàn náà mu yóò fi dé, kó sì wá ìlà iwájú bálíkónì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún títà.